Ìka Ẹlòmíràn Lórí Tírígà

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń dà mí láàmú. Ìbọn ìléwọ́ méjì ni mo yìn lọ́jọ́ kan náà, ní pápá kan náà, sí irú páálí kan náà. Ọ̀kan kó ihò rẹ̀ jọ sáàárín páálí, ó rẹwà láti wò. Èkejì fọ́n tirẹ̀ ká sí ìsàlẹ̀ lápá òsì. Lójú ẹni tó bá wo páálí méjèèjì, ẹjọ́ ti parí. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n bi mí pé èwo ni màá yàn fún ẹni tí mo fẹ́ràn, orúkọ èyí tó fọ́n ihò ká ló kọ́kọ́ já bọ́ lẹ́nu mi, kí n tó ráyè rò ó. Mo ti ń wá ìdí rẹ̀ láti ìgbà náà.

Ìbọn àkọ́kọ́ ni 1911 tí John Moses Browning ṣe, tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà gbà sí ìlò lọ́dún tó wà lórúkọ rẹ̀ yẹn. Èkejì ni Glock 17 tí àwọn ọmọ ogun Austríà gbà ní 1982. Ẹnikẹ́ni tó bá ní ọ̀rẹ́ kan péré tó ń yìnbọn ìdárayá ti gbọ́ ìjà tó wà láàárín àwọn olólùfẹ́ ìbọn méjèèjì. Àwọn kan ní irin ni ìbọn, rọ́bà kì í ṣe ìbọn. Àwọn kan ní ohun tí àwọn baba ńlá lò ti bá àwọn baba ńlá lọ. Mi ò fẹ́ dá sí i. Wọn ò gbà fúnra wọn, bẹ́ẹ̀ ni wọn ò ní gbà fún mi.

## Ohun tí ọwọ́ kọ́kọ́ gbọ́

Ẹ̀gbọ́n tó mú mi dé pápá ti pẹ́ lẹ́nu kíkọ́ àwọn ènìyàn ní ìbọn yíyìn. Wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Nígbà tí mo béèrè bóyá ọta wà nínú ìbọn tó wà lórí tábìlì, wọn ò dá mi lóhùn. Wọ́n gbé e, wọ́n yọ mágásíìnì, ìyẹn àpótí ọta tó wà nínú ìdimú rẹ̀, wọ́n fa irin òkè rẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n yọjú wo ibi tí ọta máa ń wà, wọ́n tún fi ìka kékeré kàn án wò, nítorí wọn kì í fi ti ojú nìkan ṣe. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n tó nà án sí mi. Èmi náà sì gbọ́dọ̀ ṣe gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìṣojú mi ni wọ́n ṣe tiwọn. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́: ìbọn lápátí, ìbọn ò lápátí, ta ni yóò gbà kí wọ́n dojú rẹ̀ kọ òun? Gbogbo òfin tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ògiri pápá náà kò kọjá àlàyé lórí òwe yẹn. Ẹnu ìbọn kò gbọdọ̀ kọjú sí ohun tí èèyàn kò fẹ́ bàjẹ́. Ìka kò gbọdọ̀ dé orí tírígà títí ojú yóò fi wà lórí àmì.

1911 wúwo. Irin ni látòkè délẹ̀, bíi kílò 1.1 nígbà tí kò sí ọta nínú rẹ̀. Glock, tí ìdimú rẹ̀ jẹ́ rọ́bà líle, kò ju bíi gíráàmù 700 lọ pẹ̀lú mágásíìnì tó ṣófo. Ọta 1911, èyí tí wọ́n ń pè ní .45, wọn bíi gíráàmù 15. Ti Glock, tó jẹ́ mílímítà 9, wọn bíi gíráàmù 8. Ẹni tó bá gbọ́ èyí á ti máa retí pé ìbọn ọlọ́ta ńlá ni yóò ta padà jù, tí yóò sì ba ìyìnbọn ẹni jẹ́.

Ohun tí ọwọ́ mi gbọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Ọta .45 wúwo lóòótọ́, àmọ́ kò yára: bíi mítà 250 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ti mílímítà 9 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 360. Ìró fúnra rẹ̀ ń rìn bíi mítà 340, nítorí náà ọta Glock ń ṣáájú ìró tirẹ̀, ohùn gbígbẹ kan sì ń bá a jáde tó ń ta sí ni létí láti abẹ́ ìbòtí. 1911 ń tì mí ní àtẹ́lẹwọ́, ó ń gbé ọwọ́ mi sókè díẹ̀, ó ń dá a padà. Glock ń já mọ́ mi lọ́wọ́ fìrì. Nígbà tí ìwúwo irin bá sì ti gba tirẹ̀ nínú ìtapadà .45, ohun tó kù fún ọwọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọgbọọgba lára ìbọn méjèèjì. (Ẹni tó bá sọ fún yín pé .45 máa ń gbé ẹni tó yìn ín ṣubú sẹ́yìn ti wo fíìmù jù.)

Ohun kan tún wà tí ọrùn ọwọ́ tètè mọ̀. Bí wọ́n ṣe dá ìdimú Glock sí yàtọ̀ díẹ̀. Ẹni tí 1911 ti mọ́ lára tó bá gbé Glock sókè pẹ̀lú ojú dídì, tó wá la ojú, yóò rí i pé ẹnu rẹ̀ ti gbé sókè ju ibi tó rò lọ. Kò ṣòro láti fi kọ́ra. Mo kàn sọ ọ́ nítorí pé ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń tọ́ka sí nìyẹn nígbà tí wọ́n bá ní ìbọn kan kò bá àwọn lọ́wọ́ mu.

## Mílímítà kan

Àmì kan wà níwájú ìbọn, òmíràn wà lẹ́yìn, ojú ni yóò mú méjèèjì dọ́gba. Àlàfo àárín àmì méjèèjì yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ iye kan náà lórí 1911 àti lórí Glock 17, bíi mílímítà 165. Ẹ wá wò ó: bí páálí bá wà ní mítà 25, tí àmì iwájú sì yẹ̀ ní mílímítà kan péré, ọta yóò yẹ̀ ní bíi sẹ̀ǹtímítà 15. Mílímítà kan! Ìka tó fa tírígà sẹ́gbẹ̀ẹ́ dípò kó fà á sẹ́yìn tààrà lè fa irú ìyẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọrùn ọwọ́ tó rọ̀ sísàlẹ̀ díẹ̀ nítorí pé ó ń retí ìró lè fà á.

Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé orí tírígà ni gbogbo ọ̀rọ̀ ìbọn ìdárayá máa ń padà sí. Tírígà 1911 kì í yí lórí ìdè. Tààrà ló ń sún sẹ́yìn. Ó rìn díẹ̀, ó dúró, ó já, ìbọn ti dún. Ti Glock ń rìn bíi mílímítà 12.5 láti ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ dé ibi tó parí sí. Agbára tí ìka nílò kò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ tó bí àwọn ènìyàn ṣe ń rò. Ti Glock jẹ́ bíi kílò 2.5, ọ̀pọ̀ 1911 kò sì jìnnà sí i. Ìrìn ló yàtọ̀. Nínú ìrìn yẹn ni ohun gbogbo ti ń ṣẹlẹ̀.

## Ìka wọn, ojú mi

Lẹ́yìn tí mo ti fi ìbọn méjèèjì ṣe páálí bíi mélòó kan, ìyàtọ̀ náà kò ṣeé fojú fò mọ́. Mo bi wọ́n léèrè.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ọ̀pá ìbọn Glock yìí ni kò péye tó ti 1911 ni?"

Wọ́n ní kí n tún un sọ nítorí ìbòtí tó wà létí wọn. Mo tún un sọ. Wọ́n lẹ̀ páálí tuntun mọ́ àyè rẹ̀, wọ́n fi ọta sínú mágásíìnì Glock fúnra wọn, wọ́n wá dúró sí apá ọ̀tún mi.

"Àbúrò, dì í mú bó o ṣe máa ń dì í mú. Na ìka rẹ sára ìbọn, má fi kan tírígà rárá. Iṣẹ́ tìrẹ ni pé kí àmì iwájú má kúrò níbi tó yẹ kó wà. Tírígà ti di tèmi."

Wọ́n na ọwọ́, wọ́n fi ìka tiwọn lé e.

Mo fojú sun páálí. Mo ń retí ìró, kò dé. Àmì iwájú ń mì díẹ̀díẹ̀ bó ṣe máa ń mì lọ́wọ́ ẹni tó ń mí. Mo ṣì ń retí. Nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé bóyá wọ́n ti yí èrò padà, mo fẹ́ béèrè, ìbọn dún. Ó bá mi lójijì débi pé mi ò lè sọ bóyá mo ṣẹ́jú tàbí n kò ṣẹ́jú. Wọn ò sọ nǹkan kan. Ìka wọn kò kúrò. A tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà mìíràn ó yá, nígbà mìíràn ó pẹ́, n kò mọ èyí tó ń bọ̀. Nígbà tí a fa páálí wá, àwọn ihò náà wà ní ojú kan tí mo lè fi àtẹ́lẹwọ́ bò. Páálí Glock ni. Ó dára tó ti 1911, bí kò bá tilẹ̀ dára jù ú lọ.

Ìdáhùn ìbéèrè mi nìyẹn, wọn ò sì fi ọ̀rọ̀ kan kún un. Ọ̀pá ìbọn náà péye. Àmì rẹ̀ péye. Ojú mi péye, ọwọ́ mi dúró. Ohun kan ṣoṣo tó yí padà ni pé ẹni tó mọ ìgbà tí ìbọn máa dún kọ́ ni ẹni tó dì í mú.

Mo ti ro ó lọ rò ó bọ̀. Ara ènìyàn kì í fẹ́ kí ohun tó ń bú gbàù bá òun lójijì. Bí ọpọlọ bá ti mọ̀ pé ìró ń bọ̀, yóò ránṣẹ́ sí ọwọ́ pé kó múra: ọwọ́ á di ìbọn mú gírígírí, á tì í síwájú sísàlẹ̀ kó lè borí ìtapadà tí kò tíì dé. Ní ọwọ́ ẹni tó ń fi ọwọ́ ọ̀tún yìnbọn, ìsàlẹ̀ lápá òsì ni ìmúra yìí sábà máa ń gbé ọta lọ. Tírígà 1911 kò fún ọpọlọ láyè púpọ̀. Ó ti já kí ọwọ́ tó gbọ́. Mílímítà 12.5 ti Glock fún un ní àyè tó pọ̀, ọpọlọ sì lo gbogbo rẹ̀.

Àwọn tó ń kọ́ni ní ìbọn fẹ́ràn láti máa pa á lówe pé ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Mo gba òwe náà. Ohun tí ọjọ́ yẹn fi hàn mí ni pé ìlọ́ra kì í ṣe ẹ̀sọ̀. Èèyàn lè fa tírígà díẹ̀díẹ̀ kí ìmúra tó wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀ sì máa pọ̀ sí i ní gbogbo ìgbà tó fi ń fà á. Ẹ̀sọ̀ tí òwe ń sọ wà nínú ọkàn tí kò bìkítà ìgbà tí ìró máa dé. Irú ẹ̀sọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ṣeé rà mọ́ ìbọn.

Àmọ́, kì í ṣe ihò inú páálí ló tẹ̀lé mi délé. Ohun tó tẹ̀lé mi ni pé mo di ìbọn tó ń dún mú láìjẹ́ pé èmi ni mo pinnu pé kó dún. Fún ìwọ̀nba ìgbà yẹn, mo ti di igi tí wọ́n gbé ìbọn lé. Mo péye gan-an, mi ò sì ní ẹ̀bi kankan, nítorí ìpinnu kò sí lọ́wọ́ mi. Ibi tí mo ti ń rò ó báyìí ni ẹ̀gbọ́n ti ń so páálí mìíràn mọ́ àyè rẹ̀, tí wọ́n bi mí, láìwo ojú mi, pé bí ó bá jẹ́ ẹni tí mo fẹ́ràn ló fẹ́ ní ọ̀kan nínú àwọn ìbọn wọ̀nyí, èwo ni màá fún un. "Glock," ni mo sọ. Wọ́n béèrè ìdí. Mi ò rí nǹkan sọ.

## Èrò tó wà nínú irin

Ìgbà tí mo wá fara balẹ̀ wo ìbọn méjèèjì ni mo rí i pé ẹni tó ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan ti sọ èrò rẹ̀ nípa ènìyàn síbẹ̀, ó kàn jẹ́ pé irin ló fi sọ ọ́.

Nígbà tí ẹni tó mọ 1911 lò bá gbé e ní ìmúrasílẹ̀, ọta ti wà nínú ọ̀pá rẹ̀, òòlù ẹ̀yìn, irin tó máa ń já kí ìbọn tó dún, ti nà, ìdènà tí àtàǹpàkò ń tì sì wà lókè. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á rò pé yóò dún bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ lù ú. Kò lè dún. Àtàǹpàkò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ti ìdènà yẹn sísàlẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ sì gbọ́dọ̀ di ẹ̀yìn ìdimú mú kí ìdènà kejì tó wà níbẹ̀ lè wọlé. Ìtàn ìdènà àtàǹpàkò yìí wù mí púpọ̀. Kò sí lára ìbọn tí Browning gbé síwájú àwọn ọmọ ogun ní 1910. Àwọn ni wọ́n ní kó fi kún un, nítorí àwọn agẹṣinjagun. Ẹni tó wà lórí ẹṣin, tí ọwọ́ kan di ìjánu mú, gbọ́dọ̀ lè fi ọwọ́ kejì nìkan sọ ìbọn tí òòlù rẹ̀ ti nà di aláìléwu kó tó tì í bọ àpò.

Èrò tó wà nídìí rẹ̀ ni pé ènìyàn ṣeé kọ́. Kọ́ ọ dáadáa, àtàǹpàkò rẹ̀ yóò máa rántí fúnra rẹ̀: tì í sísàlẹ̀ kó o tó yìn, tì í sókè lẹ́yìn tó o bá yìn tán. Nítorí pé o ṣe ìyẹn, ìbọn náà yóò fún ọ ní tírígà tó dára jù lọ. Àdéhùn ni. Ẹni tó bá mú tirẹ̀ ṣẹ yóò gbádùn rẹ̀.

Gaston Glock kì í ṣe oníbọn látilẹ̀. Ọ̀pá kọ́tìnnì àti ọ̀bẹ àwọn ọmọ ogun wà lára ohun tó ń ṣe kó tó gbọ́ pé àwọn ọmọ ogun orílẹ̀-èdè rẹ̀ ń wá ìbọn tuntun. Wọ́n bí i ní 1929, ọdún 3 lẹ́yìn tí Browning kú. Ó pe àwọn tó mọ̀ nípa ìbọn jọ, ó bi wọ́n ní ohun tí wọ́n ń fẹ́. Ohun tó sì jáde níbẹ̀ jẹ́ ìbọn tí kò ní nǹkan kan lára tí àtàǹpàkò lè gbàgbé láti tì. Ìdènà mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀. Ojú kò rí ju ẹyọ kan lọ, ahọ́n kékeré tó yọ láàárín tírígà. Bí ìka bá ti ń tẹ tírígà, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń ṣí tẹ̀lé ara wọn. Bí ìka bá kúrò, wọ́n padà sáyè wọn. 1911 ni ilẹ̀kùn tí onílé ń fi kọ́kọ́rọ́ tì. Glock ni ilẹ̀kùn tó ń ti ara rẹ̀ bí èèyàn bá ti jáde.

Èrò tirẹ̀ ni pé ẹni tí ẹ̀rù bá ń bà yóò gbàgbé. Kọ́ ọ títí, yóò gbàgbé náà ni lọ́jọ́ tí àyà rẹ̀ bá ń já. Nítorí náà, má fi ohunkóhun sílẹ̀ fún un láti rántí, àfi kó mú ìka kúrò lórí tírígà. Nígbà tó sì jẹ́ pé tírígà nìkan ló wá gbé gbogbo ìdènà ró, kò gbọdọ̀ tètè já. Mílímítà 12.5 tó ń ba páálí mi jẹ́, òun náà ni àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ fún ìka tó ṣèèṣì débẹ̀ kó lè rí ọ̀nà padà.

Ohun tó wá pa mí lẹ́rìn-ín ni inú ìbọn méjèèjì. Lẹ́yìn tí ọta bá ti jáde, ẹ̀yìn ọ̀pá 1911 máa ń rọ̀ sísàlẹ̀ kó lè jọ̀wọ́ irin òkè. Irin kékeré kan tó so mọ́ ọn lábẹ́ ló ń fà á. Nínú Glock, kò sí irin kékeré yẹn, ibi tí wọ́n gé lábẹ́ ọ̀pá ló ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Àmọ́ ọgbọ́n kan náà ni, ọgbọ́n Browning sì ni. Àwọn tó ń bá ara wọn jà lórí irin àti rọ́bà ń yin ọkùnrin kan náà láìmọ̀. Kò sí ìjà láàárín ọ̀pá méjèèjì. Lórí bí a ṣe lè gbẹ́kẹ̀ lé ẹni tó di ìbọn mú ni wọ́n ti yà.

## Àwọn tó yẹ kó mọ̀ kò tíì fẹnu kò

Tí ẹ bá rò pé ọ̀rọ̀ yìí ti yanjú láàárín àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ wo èyí. Ní 2013, àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mú Glock 17, láìsí ìdènà àtàǹpàkò lára rẹ̀. Ní 2017, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà mú ìbọn SIG Sauer tí wọ́n sọ ní M17, wọ́n sì ní ó di dandan kí ìdènà àtàǹpàkò wà lára rẹ̀. Kò sí ẹṣin nídìí ọ̀rọ̀ mọ́, ìdènà agẹṣinjagun sì tún padà wá.

Ọlọ́pàá ìlú New York gba ọ̀nà tiwọn. Wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún lo Glock tí wọ́n ti fi sípíríǹgì líle sínú tírígà rẹ̀, tó fi jẹ́ pé agbára tí ìka nílò ju ìlọ́po méjì ti àtilẹ̀wá lọ. Wọn ò fẹ́ kí ìbọn dún lọ́wọ́ ẹni tí kò pinnu pé kó dún. Mo mọ ohun tí wọ́n ń sá fún, àmọ́ mi ò fara mọ́ ọn. Lẹ́yìn páálí tèmi ní pápá, erùpẹ̀ tí wọ́n kó jọ gègèrè ló wà. Ihò tó yẹ̀ sí ìsàlẹ̀ lápá òsì kò ju ihò lọ, mo lè máa fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ní ìgboro, ọta tó yẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 15 yóò bá ohun kan tàbí ẹnì kan pàdé. Tírígà tó le jù ń dín ọta tí a kò fẹ́ yìn kù, ó sì ń ṣi èyí tí a fẹ́ yìn lọ́nà. Kí ọta lọ síbi tí a rán an náà jẹ́ ìdènà, ó kàn jẹ́ pé kò sẹ́ni tó ń kọ ọ́ mọ́ àwọn ìdènà ìbọn.

Nítorí náà, kò ṣeé ṣe láti ní tírígà kan tó tẹ́ gbogbo ènìyàn lọ́rùn. Bí a ṣe ń mú un rọrùn fún ẹni tó mọ̀ ọ́n lò la ń mú un rọrùn fún ẹni tó ṣèèṣì. Páálí sì wà níbẹ̀ tó ń fi apá kan péré nínú ọ̀rọ̀ náà hàn. Kò sí páálí tó ń ka iye ìgbà tí ìbọn kò dún.

Mo rò pé ohun tó mú mi pe Glock nìyẹn. Ẹni tí mo ní lọ́kàn kì í ṣe ẹni tí yóò máa lọ sí pápá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Àdéhùn 1911 kò bá a mu. Ìdènà àtàǹpàkò tí àtàǹpàkò kò mọ̀ dáadáa ń ṣe ìpalára lápá méjì: yóò wà lókè nígbà tó yẹ kó wà nísàlẹ̀, yóò sì wà nísàlẹ̀ nígbà tó yẹ kó wà lókè.

## Nígbà tí a ń nu ìbọn

Ǹ bá ti fi ọ̀rọ̀ mọ síbẹ̀ bí kì í bá ṣe ti ìnu ìbọn. Ẹ̀gbọ́n kò jẹ́ kí n bọ́ awò ojú kódà lẹ́yìn tí a ti kúrò ní ojú ìyìnbọn, mo sì mọ ìdí rẹ̀ láìpẹ́. Sípíríǹgì 1911 wà lábẹ́ ọ̀pá rẹ̀, ìdérí kékeré kan ló sé e mọ́. Bí àtàǹpàkò bá yẹ̀ lórí ìdérí yìí, ó di ohun àwárí. Tiwa fò lọ lu àjà, ẹ̀gbọ́n sì rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ewu kò pọ̀ nínú títú u: èèyàn kò nílò láti fọwọ́ kan tírígà rárá.

Títú Glock rọrùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Gbogbo ẹ̀yà ara rẹ̀ kò ju bíi 35 lọ, ẹni tó mọ̀ ọ́n dáadáa lè tú u ká láàárín ìṣẹ́jú kan. Àmọ́ kí irin òkè tó lè yọ, ó di dandan kí a fa tírígà. Bẹ́ẹ̀ ni. Ìbọn tí wọ́n ṣe kí ènìyàn má baà ní ohun tó máa gbàgbé, tí gbogbo ìdènà rẹ̀ ń ṣí bí ìka bá ti tẹ tírígà, ní kí ẹ tẹ tírígà kí ẹ tó lè nù ún. Bí ẹni tó fẹ́ tú u bá yọ mágásíìnì kọ́kọ́, tó wá fa irin òkè sẹ́yìn, ọta inú ọ̀pá yóò jáde. Bó bá ṣi ọ̀rọ̀ náà tò, tó fa irin òkè kọ́kọ́ kó tó yọ mágásíìnì, ọta kan á jáde, òmíràn á wọlé, yóò sì rò pé ìbọn ti ṣófo. Ẹ̀gbọ́n ní kí n yẹ̀ ẹ́ wò, mo yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n ní kí n tún yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n gbà á, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò fúnra wọn, wọ́n ní kí n kọjú rẹ̀ sí àpótí iyanrìn, kí n tó fa tírígà.

Ibẹ̀ ni ìdáhùn tí mo ti fún wọn ti bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ẹni tí mo ní lọ́kàn, tí kò ní máa lọ sí pápá, tí mo tìtorí rẹ̀ yan ìbọn tí kò ń béèrè ìrántí, òun gan-an ni yóò jókòó sídìí tábìlì lálẹ́ ọjọ́ kan, pẹ̀lú aṣọ ìnubọn lọ́wọ́ àti ọkàn tó wà níbòmíràn.

Mo kọ̀wé ránṣẹ́ sí wọn láìpẹ́ yìí. Mo ní Glock ṣì ni, bí ẹni náà bá gbà láti máa bá mi wá sí pápá lóṣooṣù, kó sì máa tú u, kó máa nù ún níṣojú mi títí tí yóò fi mọ́ ọn lára. Bí kò bá gbà, kò sí èyíkéyìí nínú méjèèjì. Wọn ò bá mi jiyàn. Ohun tí wọ́n fi dá mi lóhùn ni pé ta ni yóò máa ra ọta fún gbogbo ìdánrawò wọ̀nyí, pé ó dáa tí mi ò yan .45, nítorí òjé tó ń jẹ pọ̀, ó sì wọ́n ju mílímítà 9 lọ, àti pé bí mo bá ti gbà láti máa san owó ọta ẹlòmíràn, kí n jọ̀wọ́ kọ́kọ́ fi owó èyí tí a yìn lọ́jọ́ yẹn ránṣẹ́ sí àwọn.